Ìbọn Tí Loren Dá Padà

Marlys Tervo to ìbọn mọ́kànlá sórí tábìlì onígíláàsì nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ní kí Reino Lampela mú èyí tó bá wù ú. Reino kò wò wọ́n bí ẹni tó wá rajà. Ó yọ ìwé pélébé kan nínú àpò àyà ẹ̀wù rẹ̀, ó gbé awò sójú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka nọ́ńbà ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ọwọ́ òsì lọ sí ọwọ́ ọ̀tún.

Ìbọn ìléwọ́ àwọn ọlọ́pàá àgbègbè náà ni gbogbo wọn. Ọ́fíìsì ṣẹ́rífù, ọ̀gá wọn, ti gba tuntun lóṣù kẹrin, wọ́n sì fi àwọn àlòkù ṣe pàṣípààrọ̀ lọ́dọ̀ Marlys, bí wọ́n ti máa ń ṣe bí ìbọn bá ti pẹ́ lọ́wọ́ wọn. Àwọ̀ dúdú wọn ti bó létí, níbi tí àpò awọ ti ń ha wọ́n lójoojúmọ́.

"Ìbọn ọlọ́pàá dà bíi Bíbélì ọkọ mi," Marlys wí. "Ẹ̀yìn rẹ̀ ti bó, inú rẹ̀ ṣì tuntun."

Reino kò rẹ́rìn-ín. Ó ti dé orí ìkẹjọ. Ó ka nọ́ńbà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ká ìwé rẹ̀ padà.

"Èyí ni."

Marlys mọ ẹni tó gbé ìbọn náà rí. Òun àti Reino jọ ṣe kíláàsì kan náà nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ ìlú náà ṣì wà, ó sì wà níbi ìsìnkú Loren, ọmọ kan ṣoṣo tí Reino bí. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ìbọn náà, kò tíì sún un síwájú.

"Mi ò pè ọ́ kí n lè rí i tà o, Reino. Mo pè ọ́ kí n má bàa tà á fún ẹlòmíràn láì jẹ́ kí o gbọ́. Ó yàtọ̀ síra."

Reino ní òun mọ̀ pé ó yàtọ̀.

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Màá yìn ín."

"Títí di ìgbà wo?"

"Títí yóò fi kọ̀."

Marlys fa ìwé tí olùrà máa ń fọwọ́ sí jáde.

Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, nínú oṣù kẹta, wọ́n rán Loren Lampela àti Duane Hokkanen, ọlọ́pàá méjì tí wọ́n jọ ń wa ọkọ̀ kan, lọ sí ilé kan létí adágún, níbi tí ọkùnrin kan ti ń fi ìbọn ọdẹ halẹ̀ mọ́ ìyàwó rẹ̀. Ọkùnrin náà jáde sí wọn. Ó yìn lẹ́ẹ̀kan, ọta bá Duane ní itan, ó ṣubú sínú yìnyín. Loren kò jìnnà sí ọkùnrin náà ju ìṣísẹ̀ mẹ́fà lọ, ìbọn tirẹ̀ sì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìbọn Loren kò dún. Ọkùnrin náà sá wọ igbó, ọjọ́ kejì ni wọ́n tó mú un.

Ohun tí Loren sọ ni pé òun fa irin ìfà ìbọn náà. Ó ní òun fà á, ó sì dún kẹ́, bí ìgbà tí èèyàn bá ṣẹ́ igi gbígbẹ tíńtín. Pé òun fa irin òkè rẹ̀ sẹ́yìn, òun ta ọta burúkú náà nù, kí òmíràn sì tó wọlé, ilẹ̀ ti ṣófo níwájú òun. Wọ́n wá ọta tó ní òun ta nù náà. Yìnyín tún rọ̀ mọ́jú, ọkọ̀ tó ń ro yìnyín kúrò lójú ọ̀nà sì ti ti gbogbo rẹ̀ bọ inú adágún kí ẹnikẹ́ni tó mú ṣọ́bìrì. Wọ́n gbé ìbọn náà lọ fún àwọn tó ń yẹ ìbọn wò. Wọ́n yìn ín nígbà àádọ́ta, kò kọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìlà kan ni wọ́n kọ: a kò rí àléébù lára ìbọn náà. Ìyókù, àwọn ará ìlú ló bá wọn kọ ọ́.

Loren mú ìwé náà wá sí ilé ìdáná, ó fi í síwájú bàbá rẹ̀, ó dúró. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni Reino fi tún ẹ̀rọ ṣe nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń wa irin nínú ilẹ̀. Ẹ̀rọ tó bá bàjẹ́ máa ń fi ibi tó ti bàjẹ́ hàn án. Ó ka ìlà náà, ó ní:

"Irin kì í purọ́, Loren."

Loren fọ ife kọfí rẹ̀, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó gòkè lọ. Nínú oṣù kẹfà, ó dá ìbọn àti báàjì padà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wa ọkọ̀ tó ń ro yìnyín. Ọdún kejì, nínú oṣù kìíní, adágún tó dì já lábẹ́ ẹ̀rọ tó ń gùn lọ lójú yìnyín, níbi tí odò ti ń wọnú rẹ̀, Loren sì bá omi lọ. Ọmọ tí wọ́n bí sí etí adágún mọ̀ pé omi kì í dì gírígírí níbẹ̀. Reino kì í jẹ́ kí èrò rẹ̀ kọjá ibẹ̀ yẹn. Ọ̀rọ̀ ni ẹyin. Tirẹ̀ ti bọ́ sílẹ̀, ẹni tí ì bá bá a ṣà á kò sí mọ́.

Britta, ọmọ Loren, wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Green Bay. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ gbogbo Sọ́ńdè, ó máa ń pe bàbá àgbà rẹ̀ lórí fóònù. Nínú oṣù kejì ọdún yìí, ó ní ọmọ kan ní kíláàsì òun, tí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ń gbé nílùú Reino, sọ pé ojo ni bàbá òun, pé ó wo ọ̀rẹ́ rẹ̀ nílẹ̀, ó sì tún purọ́ sí i. Ó bi bàbá àgbà rẹ̀, tó ń pè ní Pappa:

"Pappa, ṣé Dádì fà á, àbí kò fà á?"

Reino gbà pé òun kò mọ̀.

"Tí ẹ bá ti mọ̀, ẹ sọ fún mi. Tó bá jẹ́ pé kò fà á, ẹ sọ ìyẹn náà."

Láti ìgbà náà, kò sí Sọ́ńdè tí kò bi í. Kì í bẹ̀ ẹ́, kì í sunkún. Bí ẹni tó ń béèrè bóyá lẹ́tà ti dé ni. Reino yóò ní kò tíì dé.

Ìdí nìyí tó fi ra ìbọn náà. Bí àléébù bá wà nínú irin, ó ní láti jáde bó pẹ́ bó yá, òun sì ní àsìkò.

Pápá ìyìnbọn ìlú náà wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń la igi tẹ́lẹ̀: òrùlé páànù kan, pákó gígùn tí wọ́n ń gbé ìbọn lé, àti òkìtì yanrìn ní òpin rẹ̀. Duane Hokkanen ló ń ṣọ́ ọ. Láti ọjọ́ tí itan rẹ̀ ti fọ́ ni wọ́n ti fún un ní iṣẹ́ náà, ó sì ń fi ọ̀pá rìn lẹ́yìn àwọn tó ń yìn. Tẹ́lẹ̀ rí, Duane a máa wá jẹun nílé Reino ní ọjọ́ Sátidé, a sì máa jẹ páì ẹran méjì kó tó mí. Fún ọdún mẹ́rin, kò sí ọ̀rọ̀ láàárín wọn mọ́. Ohun tó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wá náà ló ń sọ fún Reino: pápá ti gbóná, tí ó túmọ̀ sí pé ẹ lè yìn, pápá ti tutù, ẹ gbé e sílẹ̀.

Láti oṣù karùn-ún, Reino ń wá ní ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀. Ọta olówó pọ́ọ́kú ló ń yìn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọta tó ń gbé lọ tó ń gbé bọ̀ nínú ìbọn náà kò sí lára èyí. Ìyẹn jẹ́ ti Loren. Reino rí wọn nínú dúrọ́ọ̀ Loren, ìlàjì páálí, irú èyí tí ọ́fíìsì máa ń fún wọn. Láràárọ̀, ní àgbàlá, Reino yóò ki ilé ọta, àpótí tíńtín tí wọ́n ń to ọta sí, bọ inú èèkù ìbọn, yóò fa irin òkè sẹ́yìn kí ti òkè pátápátá lè wọ ọ̀fun ìbọn, yóò fi í sínú àpò awọ. Bó bá dé pápá, yóò yọ ọta náà, yóò dá a padà sí orí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Bó bá yìn tán, yóò tún kì í. Bó bá délé, yóò dúró lórí àtẹ̀gùn, yóò tún yọ ọ́ kó tó wọlé.

Òfin ilé rẹ̀ ni. Nígbà tó wà ní kékeré, ìbọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dún láìròtẹ́lẹ̀ lórí tábìlì oúnjẹ, ọta la pákó kọjá láàárín orúnkún ìyá wọn méjèèjì. Láti ọjọ́ náà, ìbọn tí ọta wà ní ọ̀fun rẹ̀ kì í kọjá ẹnu ọ̀nà Reino. Nígbà tí Loren gbé Britta padà wálé, tí ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, Reino pè é sí àtẹ̀gùn ní ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́, ó sì fi bí yóò ti máa ṣe é hàn án. Loren yọ ọta náà, ó fẹ́ jù ú sínú agolo lápá kan kó sì fi tuntun dípò rẹ̀. Reino di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ní kí ló ṣe é. A kì í ju ohun tó ṣì dára nù nínú ilé yìí. Ó mú un, ó fi àtàǹpàkò tì í padà sí òkè. Fún ọdún mẹ́rin, Loren ń ṣe é bẹ́ẹ̀ ní àárọ̀ àti ní alẹ́. Reino a máa gbọ́ ìró rẹ̀ láti ibi tó jókòó sí, inú rẹ̀ a sì máa dùn pé òun tọ́ ọmọ yanjú.

Ní ìparí oṣù kẹjọ, Duane dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni Lampela, ṣé ẹ fẹ́ yìn ín títí yóò fi jẹ́wọ́ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Kò ní ohun tó fẹ́ jẹ́wọ́. Mo wà níbẹ̀."

Reino fi ọta mìíràn kún ilé ọta. Ó yin gbogbo rẹ̀ tán, ihò mẹ́wàá lójú páálí kan náà, ìbọn náà kò sì fi ìgbà kankan ṣe tìkọ̀.

Nígbà tó fi di oṣù kẹwàá, ọta tó ti yìn ti lé ní ẹgbẹ̀rún kan àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Reino ti tú u palẹ̀ ní ìgbà mẹ́fà, ó ti fi gíláàsì wo abẹ́rẹ́ tó ń gún ìdí ọta, ó ti yẹ gbogbo sípíríńgì wò. Kò sí ohun tó ṣe é. Ní Sọ́ńdè, Britta béèrè. Reino sọ fún un pé Sọ́ńdè tó ń bọ̀ ni òun yóò dá a lóhùn. Ó gbọ́ tí ọmọ náà mí sínú fóònù. Bó ti gbé e sílẹ̀, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ sítóòfù títí iná fi kú. Ó ti mọ ohun tí yóò sọ: pé Loren kò fà á. Ohun tí kò mọ̀ ni bí ẹnu òun yóò ṣe gbé e.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó lọ yin ọta Loren tán. Kò fẹ́ kí wọ́n wà nílé mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, yóò dá ìbọn padà fún Marlys.

Òun àti Duane nìkan ló wà ní pápá. Otútù ti mú, ewé ti wọ́ lórí igi. Duane na ọ̀pá rẹ̀, ó ní pápá ti gbóná. Lọ́jọ́ yìí, Reino kò yọ ọta tó wà ní ọ̀fun ìbọn. Ó gbé e sókè, ó wo ojú páálí, ó rọra fa irin ìfà.

Kẹ́.

Kò sí ẹni tó mira. Òfin pápá nípa èyí kò ṣeé yí: bí o bá fà á tí kò dún, ọta náà ṣì lè pinnu láti dún. Dojú rẹ̀ kọ yanrìn, má yí i, má sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ka ọgbọ̀n.

"Ẹ má gbé e sílẹ̀," Duane wí lẹ́yìn rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà. "Ení. Èjì. Ẹ̀ta."

Reino dì í mú. Apá rẹ̀ ti ń wúwo. Ní ẹ̀wá, ó rí ojú Loren ní ilé ìdáná, bó ti dúró tó ń retí. Igi gbígbẹ tíńtín. Kò sí ìró mìíràn láyé tó jọ ọ́ ju èyí tó dún nísinsìnyí lọ. Ní ẹ̀ẹ́dógún, ó ronú pé òun ní ọgbọ̀n tí òun lè kà, òkìtì yanrìn kò sì lè ṣe òun ní nǹkan. Ọkùnrin oníbọn ọdẹ ni Loren kọjú sí.

Ní ogún, ohùn Duane dákẹ́. Reino kò bojú wẹ̀yìn. Òun fúnra rẹ̀ ka mẹ́wàá tó kù.

Lẹ́yìn náà ló fa irin òkè sẹ́yìn. Ọta náà fò jáde, ó yí lórí pákó, ó bọ́ sílẹ̀. Duane na ẹsẹ̀ tí kì í ká mọ́ sí ẹ̀gbẹ́, ó bẹ̀rẹ̀, ó mú un. Ojú ìdí rẹ̀ ti jìn níbi tí abẹ́rẹ́ ti gún un dáadáa. Duane yọ ọ̀kan sí i nínú ilé ọta, ó gbé àwọn méjèèjì dúró sórí pákó. Wọn kò ga dọ́gba. Orí òjé èyí tó kọ̀ ti wọnú idẹ rẹ̀ tó ìwọ̀n èékánná.

"Ìgbà mélòó lẹ ti ki èyí bọ̀ ọ́?"

Afẹ́fẹ́ ń lu páànù òkè. Reino mọ ohun tí ìbéèrè náà gbé lọ́wọ́. Ó lè sọ pé bí òun ti rí i nínú dúrọ́ọ̀ nìyẹn. Kò sí ẹni tí yóò já a.

"Lójoojúmọ́," ó ní. "Ìgbà mìíràn, ẹ̀ẹ̀mejì. Láti oṣù karùn-ún."

"Ọ̀kan náà yìí?"

"Ọ̀kan náà. Bí Loren ṣe ń ṣe é nìyẹn. Èmi ni mo kọ́ ọ. Ó fẹ́ máa pààrọ̀ rẹ̀, èmi ni mo ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀."

Duane jókòó sórí àga. Ó ní gbogbo ìgbà tí irin bá gbá ọta wọlé ni orí rẹ̀ ń kàn, ẹ̀tù díẹ̀ tó wà ní ìdí rẹ̀ a sì máa rún, títí ọjọ́ tí abẹ́rẹ́ yóò gún un tí kò ní rí nǹkan kan gbá mú. Ó ní wọ́n sọ ọ́ ní ìgbà ìrúwé yìí, nígbà tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ọ́fíìsì ní ìbọn tuntun. Òun wà nínú yàrá náà, òun gbọ́ ọ, kò sì wá sí òun lọ́kàn.

"Wọ́n bi mí bóyá mo gbọ́ ọ," ó wí. "Ìró kẹ́ yẹn. Mo ní mi ò gbọ́. Òtítọ́ ni mo sọ. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yìnbọn lù mí ni, etí mi ń hó bí ìkòkò. Wọn ò bi mí bóyá mo lè gbọ́ nǹkan."

Reino gbé ìbọn náà kalẹ̀, ó ṣí i sílẹ̀ kí ọ̀fun rẹ̀ lè hàn, bí òfin ti wí.

"Èyí kì í ṣe ẹ̀rí tí adájọ́ máa gbà, Reino," Duane wí. Ọdún mẹ́rin nìyí tó ti pè é ní Reino gbẹ̀yìn.

"Kì í ṣe adájọ́ ló bi mí."

Duane tẹ̀ lé e délé. Reino dúró lórí àtẹ̀gùn, ó yọ ilé ọta, ó yẹ ọ̀fun ìbọn wò, kó tó ṣílẹ̀kùn. Duane lọ taara sí àga tó máa ń jókòó sí tẹ́lẹ̀, ó gbé ọ̀pá rẹ̀ sáàárín ẹsẹ̀. Reino gbé kọfí kaná. Ó to ọta méjèèjì sórí tábìlì, ọ̀kan ga, ọ̀kan kúrú. Nígbà tí aago mẹ́rin lù, ó gbé fóònù.

"Pappa, òní kì í ṣe Sọ́ńdè," Britta wí.

"Mo mọ̀. Bàbá rẹ fà á."

Reino mú ọta tó kúrú lọ́wọ́.

"Ó fà á, ọta ló kọ̀. Mo fi ojú mi rí i lónìí. Ó sọ fún mi nígbà náà, mi ò gbà á gbọ́. Kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni."

Ó gbọ́ tí àga kan dún lọ́hùn-ún, bí ìgbà tí ọmọ bá jókòó lójijì. Lẹ́yìn náà, ó béèrè ohun tó ṣe ọta náà. Reino ṣàlàyé, kò fo ibì kankan: àtẹ̀gùn, òfin ilé, agolo tí Loren fẹ́ jù ú sí. Ọmọ náà gbọ́ ọ títí dé òpin.

"Nítorí èmi lẹ ṣe ní kó máa yọ ọ́?"

Reino di etí tábìlì mú. Duane gbójú sókè.

"Yíyọ ọ́ kò burú," Reino wí. "Gbọ́ mi dáadáa, Britta. Yíyọ ọ́ dára. Dídá ọ̀kan náà padà ló burú, èmi ni mo sì di ọwọ́ rẹ̀ mú kó lè dá a padà. Èmi. Kì í ṣe ìwọ, kì í sì í ṣe òun."

Ọmọ náà ní òun gbọ́. Ó ní ọ̀la òun yóò sọ ọ́ ní kíláàsì, ṣùgbọ́n wọ́n lè ní nítorí pé òun jẹ́ ọmọ rẹ̀ ni òun fi sọ bẹ́ẹ̀.

Duane ti na ọwọ́ kọjá tábìlì.

"Ẹ gbé e fún mi," ó wí.

Reino gbé fóònù náà fún un. Duane gbé e sétí, ó sì wo ọta méjèèjì.

"Britta, Duane Hokkanen ni. Èmi ni mo wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mú bírò, kí o kọ ohun tí mo fẹ́ sọ sílẹ̀, kí o sì kọ orúkọ mi sí abẹ́ rẹ̀."